Omi dírípù fún ewé tíì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: kànga ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n

Ìbéèrè

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ewé tíì, koríko olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní lemongrass, ni mo ń gbìn nítòsí Ajàṣẹ́-Ìpo, mo máa ń sá a, mo sì ń tà á fún àwọn tó ń sè é mu àti àwọn tó ń pò ó mọ́ àgbo. Ìdí 400 ni mo ní ní ìlà 10, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gùn tó mítà 20. Bí ọyẹ́ bá ti mú, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, agbára mi kò sì gbé garawa mọ́. Wọ́n ní kí n ra táńkì lítà 1,000 àti róbà dírípù tó máa ń kán omi tó, tó, tó sí ìdí irúgbìn. Ṣé owó mi kò ní ṣègbé? Ẹnì kan tún sọ pé ohun tí àwọn olóko tíì ń lò nígbà ọ̀dá nìyẹn. Ṣé mo lè gbin tíì inú páálí yẹn náà níbí?

Obìnrin àgbẹ̀ kan, Ajàṣẹ́-Ìpo

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìnira ẹ̀ẹ̀rùn. Owó yín kò ní ṣègbé bí kànga yín bá lè gbé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kànga yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, nítorí dírípù kò lè sọ omi tí kò sí di èyí tó wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó má ṣe jẹ́ kí omi tí ẹ ti fà ṣòfò.

Ní ti tíì inú páálí, igi ni, kì í ṣe koríko bíi ti yín. Ibi tó tutù, tí òjò pọ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì kan ló fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, tó ga ju mítà 1,500 lọ, ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni pé àwọn oko tíì kan wà ní Tanzania tí wọ́n ń lo dírípù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìgbómìnà gbóná jù fún igi náà. Ewé tíì tiyín ni kí ẹ dì mú.

Ìparí oṣù Kẹta, nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀ jù lọ, ni kí ẹ wọn kànga, nítorí ìwọ̀n tí ẹ bá mú ní oṣù Kẹwàá yóò tàn yín jẹ. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sì ta kókó sí i ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ fa omi títí yóò fi kù díẹ̀, ẹ sọ okùn náà sísàlẹ̀, ẹ wo kókó tí omi dé, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Bí kànga náà bá fẹ̀ ní mítà 1, kókó kan tí omi bá gùn padà jẹ́ nǹkan bíi lítà 78. Bí ó bá gun mẹ́ta, lítà 234 ló sun ní wákàtí yẹn. Bí omi bá ṣe ń ga sí i ni ìsun rẹ̀ ń dẹwọ́, nítorí náà ó sàn kí ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹta díẹ̀díẹ̀ lóòjọ́ ju kí ẹ dúró kí ó kún lọ.

Ìdí ewé tíì tó ti dàgbà yóò nílò nǹkan bíi lítà 2 lóòjọ́ nínú ooru yìí, ìdí 400 á sì gba lítà 800, èyí tí táńkì yín gbà. Ẹ gbé e sórí pèpéle tó ga tó mítà kan ààbọ̀, ní apá ibi tí ilẹ̀ ti ga jù, kí ẹ sì ra róbà tí ojú rẹ̀, ihò tí omi ń gbà kán, jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 50, bí ewé yín ṣe jìnnà síra. Omi tó ń ti orí pèpéle wá kò lágbára bíi ti ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ má gbára lé iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò sábẹ́ ojú róbà kan nítòsí táńkì, ẹ ki ìgò omi tó gba ìdajì lítà bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àrọ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì ṣe bákan náà ní ìparí ìlà tó jìnnà jù. Bí ìgò bá kún ní ìṣẹ́jú 50, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 20 ni lítà 2 yóò gbà. Ẹ pín in sí àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́. Bí ti òpin ìlà bá pẹ́ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ dáadáa, ojú róbà ti dí tàbí ilẹ̀ kò tẹ́jú.

Dídí yìí ló ń ba dírípù jẹ́ jù lọ lágbègbè wa. Ẹ bu omi kànga sínú abọ́ funfun, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú: bí ẹ bá rí ohun pupa tó rọ̀ sílẹ̀ bí ìpẹtà irin, irin wà nínú omi náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa jẹ́ kó silẹ̀ nínú dúróòmù kí ẹ tó da ti òkè sínú táńkì. Ẹ fi asẹ́ sí ẹnu táńkì, ẹ máa fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì máa ṣí ìdí róbà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ìdọ̀tí ṣàn jáde. Eku náà máa ń gé róbà jẹ nítorí òùngbẹ. Abọ́ omi kan létí oko dín in kù ní oko kan tí mo bójú tó.

Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kó má ṣe kan ìdí ewé nítorí ikán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ wò, kí ẹ fún yẹ̀pẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ bí ìwọ̀n ọwọ́ kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá dì mọ́ra láìsí pé omi ń jáde, omi yín tó. Bí ilẹ̀ bá tutù bẹ́ẹ̀ tí ṣóńṣó ewé ṣì ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ni, ẹ má ṣe fi omi kún un.

Bí ìwọ̀n kànga bá fi hàn pé lítà 400 péré lẹ lè rí lóòjọ́, ẹ má ṣe pín in fún gbogbo oko. Ẹ yan ìlà 5 tó dára jù kí ẹ fún wọn ní omi wọn pé. Ẹ gé ìyókù sílẹ̀ tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fi koríko bo ilẹ̀ wọn, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Gbòǹgbò wọn yóò dúró, wọn yóò sì sọ padà nígbà tí òjò bá rọ̀ ní oṣù Kẹrin.