Àpò Ìrẹsì Méjì Lórí Yìnyín: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Lo Ìrìn-àjò Ìfaradà Nínú Kíláàsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan nítòsí Abẹ́òkúta. Mo máa ń gbọ́ pé àwọn kan ń fẹsẹ̀ la ilẹ̀ yìnyín kọjá, àwọn mìíràn ń gun alùpùpù la aṣálẹ̀ kọjá, kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ó wù mí kí n lò ó fún àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n 54 ni wọ́n, kò sí kọ̀ǹpútà, fóònù mi nìkan ló wà. Òbí kan tilẹ̀ ti bi mí pé kí ló kan ọmọ òun kan yìnyín. Báwo ni kí n ṣe é tí kò fi ní jẹ́ ìtàn lásán?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó bọ́ sídìí kíkọ́ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í ni pé a máa ń ro gbogbo ìtàn náà tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ á ní "Háà!", wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó tán. Ẹ mú ìrìn-àjò kan péré, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ má sì sọ bó ṣe parí fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tí mo máa ń mú ni ti Ann Bancroft, ọmọ Amẹ́ríkà, àti Liv Arnesen, ọmọ Norway, tí wọ́n la Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé, kọjá. Olùkọ́ bíi tiwa ni àwọn obìnrin méjèèjì tẹ́lẹ̀. Lọ́mọdé, kí wọ́n tó mọ ara wọn rárá, àwọn méjèèjì ti ka ìtàn Ernest Shackleton, arìnrìn-àjò tí yìnyín Antarctica fọ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ́dún 1915, ọkàn wọn sì ti ń fà síbẹ̀ láti ìgbà náà. Dyslexia ń bá Bancroft fínra: ìṣòro tó máa ń mú kí ìwé kíkà nira fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé pérépéré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Nínú ọmọ 54, ẹnì kan á wà tí wọ́n ti pè ní olódo títí ó fi gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ máa wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2000 ni wọ́n gbéra ní apá ibi tí Antarctica ti dojú kọ Áfíríkà. Nǹkan bíi kìlómítà 2,700 ni wọ́n rìn ní ọjọ́ 94, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta káàkiri ayé sì ń tẹ̀ lé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá ka ọjọ́ mẹ́ta wọn sí ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa gbà yín. Ẹ wo máàpù lórí fóònù nílé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ yà á sórí páálí ńlá, ẹ gbé e kọ́ ara ògiri. Láràárọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré: ọmọ tó kàn á sún bọ́tìnì kan síwájú lórí máàpù náà, ẹ ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwọ̀nba, ó di ọ̀la. Bí àlọ́ ṣe ń ṣe ọmọ tí oorun ń kùn ni yóò ṣe wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ wọn ni ẹrù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn obìnrin yìí fa ohun tó tó kìlógíráàmù 113, àpò ìrẹsì ńlá méjì àti kóńgò mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lé e. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, a di yanrìn kìlógíráàmù 25 sínú àpò, a so okùn mọ́ ọn, ọmọ mẹ́rin sì ń fà á lórí pápá. Wọn ò fà á dé ìdí igi máńgòrò tí wọ́n fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọbìnrin kan tí n kò gbóhùn rẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà bọ́ sẹ́yìn kíláàsì, ó fa imọ̀ ọ̀pẹ méjì wá, ó tẹ́ wọn sábẹ́ àpò. Àpò náà sáré débi pé àwọn tó ń fà á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Kò tíì sí ẹni tó kọ́ ọ bí ilẹ̀ ṣe ń di ẹrù mú. Ìgbà tí a padà sí kíláàsì ni wọ́n fúnra wọn wá ń bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

Òbí tó béèrè ohun tó kan ọmọ rẹ̀ kan yìnyín, omi ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Yìnyín yí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ká títí dé ibi tí ojú lè ríran dé, síbẹ̀ wọn ò rí omi mu àfi tí wọ́n bá dáná yọ́ ọ, epo tí wọ́n sì fi ń dáná náà wà lára ẹrù tí wọ́n ń fà. Ọmọ tó pọn omi wálé kó tó wá sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ máa tètè lóye ìyẹn ju ọmọ tó ń yí ẹ̀rọ omi lọ. Ẹ jẹ́ kó bá yín ṣírò rẹ̀.

Wọ́n tún so aṣọ ìgbòkun mọ́ra kí afẹ́fẹ́ lè máa fà wọ́n. Lápá ìparí, lẹ́yìn tí wọ́n ti la ilẹ̀ náà já, tí wọ́n dórí yìnyín tó léfòó sórí òkun, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń dúró dè wọ́n níwájú, ìgbà òtútù ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kí àwọn ọmọ dìbò: ṣé kí wọ́n máa lọ ni àbí kí wọ́n pe bàálù? Kí oníkálukú kọ ìdí tirẹ̀ sílẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó sọ fún wọn pé bàálù ni wọ́n pè. Ẹ fi kún un pé lọ́dún 2007, nígbà tí àwọn méjèèjì forí lé Pólù Àríwá, òtútù ba ìka ẹsẹ̀ Arnesen jẹ́, wọ́n sì yí padà. Lójú tèmi, ọjọ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní 2023, a rí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń fìyà jẹ ara wọn kí orúkọ wọn lè wọ ìwé Guinness. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ nípa akíkanjú tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró.

Wọ́n á bi yín bóyá ọmọ wa kankan ti ṣe irú rẹ̀. Kunle Adeyanju gun alùpùpù láti London dé Èkó ní ọjọ́ 41, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún 2022, nítorí ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀ (polio). Pelumi Nubi náà dá nìkan wa mọ́tò rẹ̀ gba ọ̀nà London sí Èkó ní 2024. Jàǹbá ọkọ̀ ṣe é ní Côte d'Ivoire kó tó délé. Àwọn ọmọ á mọ Lomé, Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀ lórí máàpù. Ẹ ní kí wọ́n lọ bi ìyá àgbà wọn léèrè ohun tí rọpárọsẹ̀ ṣe ládùúgbò nígbà kan.

Ìkìlọ̀ kan: kí ọmọ kankan má fi ebi tàbí òùngbẹ dán ara rẹ̀ wò. Kí omi wà nítòsí, kí ẹ ṣe é láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹni tó bá ní ikọ́ fée tàbí fọ̀níkú-fọ̀ladìde jókòó ka aago. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí ẹ sì fi ẹnu ara yín pe òbí tó béèrè ọ̀rọ̀ yìnyín yẹn wá sórí pápá. Tó bá dé, ẹ fún un ní okùn kó fà á wò.