Ẹ Má Dá Abẹ Lẹ́bi Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́. Ohun kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi, kò ju orí ìṣáná lọ. Ó ti di oṣù 3 báyìí. Bí mo bá fá irùngbọ̀n, á ṣẹ̀jẹ̀. Á sé èépá, èépá á jábọ́, màá ní ó ti san. Kò ní pẹ́ á tún yọjú. Abẹ ni mo ń dá lẹ́bi, torí kò dùn mí rárá. Ìyàwó mi ní kí n lọ rí dókítà. Mo ní ta ló ń gbé irorẹ́ lọ sílé ìwòsàn? Ẹ bá wa dá sí i. — Bàbá ẹni ọdún 58

ÌDÁHÙN: Bàbá, ìyàwó yín ló jàre.

Ibi tí abẹ gé kì í gba oṣù 3 kó tó jinná. Irorẹ́ náà, á wú, á gbọyún, á gbẹ. Àpá dúdú tó bá fi sílẹ̀ lè pẹ́ lójú, ìyẹn ò le. Àmọ́ egbò ojú tó ń sé èépá, tó tún ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ 4 kọjá tí kò jinná, ti dókítà ni.

Ẹ má fi ti pé kò dùn yín ṣe. Jẹjẹrẹ awọ ara kan wà tó fẹ́ràn imú, etí àti ojú, níbi tí oòrùn ti ń pa wá jù. Kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú kó sì máa dán, èèyàn á ní àmì ara lásán ni. Kì í yára dàgbà, kì í sì í sábà tàn kiri ara. Bí wọ́n bá tètè gé e, ó sábà máa ń parí síbẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, á máa jẹ ẹran ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Mi ò sọ pé òun lẹ ní o, mi ò kúkú rí ojú yín.

Èmi tí mò ń wí yìí, oṣù 7 ni mo fi páúdà bo tèmi ní ẹ̀bátí, nọ́ọ̀sì odidi! Nígbà tí mo wá lọ, dókítà fi awò wò ó, ó fún mi lábẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ara kú, ó gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló ta mí. Èsì dé, kò sí nǹkan kan. Oṣù 7 tí mi ò fi sùn dáadáa ló ká mi lára.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kẹ́ ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fún un, ẹ má sì fi ìpara tó ní steroid (oògùn tó ń mú ara wíwú àti ara yíyún rọlẹ̀) pa á: ó ń mú awọ fẹ́lẹ́, ó sì lè yí ìrísí rẹ̀ padà mọ́ dókítà lójú. Bí ẹ bá ti pa nǹkan sí i tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́, ẹ má tijú. Bí ibẹ̀ bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà dé tàbí tí ó ń lọ sápá ẹyinjú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Kí ìyàwó yín tẹ̀ lé yín. Bí dókítà bá bi yín pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, òun ló máa rántí.