Ọmọ mi ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, àyà èmi ló ń já

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 17, ó sì ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní ká máa jẹ́ kó wa ọkọ̀ ilé náà kí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè yá. Àmọ́ bí mo bá ti jókòó tì í báyìí, jìnnìjìnnì á bò mí, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, inú á sì bí òun náà. Ìjà la jà délé níjọ́ tá a jáde kẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ní kí n jẹ́ kí olùkọ́ máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má jáwọ́ o, mà. Ẹ̀rù tó ń bà yín nídìí. Ọkọ̀ tí èmi fi ń kọ́ni ní bíréèkì kejì níbi ẹsẹ̀ mi; bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣe é sí, mo tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ẹ̀yin ò ní irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ yín fi ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni tó ń wa máṣíìnì ìránṣọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ni pé àsìkò tí wọ́n jókòó ti ọmọ yìí gan-an ni ewu rẹ̀ kéré jù. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá gba láísẹ́ǹsì, tó ń dá wa ọkọ̀ lọ, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Nítorí náà, wákàtí tí ẹ bá lò pẹ̀lú rẹ̀ nísinsìnyí kò lè pọ̀ jù. Lọ́dún 1993, orílẹ̀-èdè Sweden gbà kí ọmọ ọdún 16 máa kọ́ ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dìgbà tó bá pé 18 kó tó lè gba láísẹ́ǹsì. Àwọn tó lo àǹfààní yìí dáadáa, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá wakọ̀, ìjàǹbá wọn kéré sí ti àwọn tí kò lò ó. Ní New South Wales, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 gbọ́dọ̀ ní wákàtí 120 nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, 20 nínú rẹ̀ lóru, kó tó kúrò nípò akẹ́kọ̀ọ́. Ta ló fẹ́ san owó olùkọ́ fún gbogbo wákàtí yẹn? Àwọn òbí ló ń bá wọn wà á.

Àmọ́ iṣẹ́ yín yàtọ̀ sí tèmi. Kílọ́ọ̀ṣì, gíà, rífáàsì, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún olùkọ́. (Ọ̀pọ̀ àṣà tó ti mọ́ àwa àgbà awakọ̀ lára, bíi ká yọ gíà bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, kò yẹ ní ohun tá a lè fi kọ́ ọmọ.) Ojú ni ẹ̀yin máa yá a. Ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀, ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ parí sí ló máa ń wò. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ń wo ọ̀nà jíjìn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Bọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́bàá títì, èrò ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ti mọ̀ láti òkèèrè pé ẹnì kan lè sáré yọ níwájú rẹ̀. Ọmọ yín, bọ́ọ̀sì nìkan ló rí. Bí ẹ bá wá dákẹ́ títí ẹ fi dé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, kí ẹ tó lọgun "Bíréèkì!", jìnnìjìnnì yín ti bọ́ sí i lára, kò sì kọ́ nǹkan kan. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ bi í pé, "Kí lo rí?" Yóò ní, "Bọ́ọ̀sì." "Ta ló lè yọ níwájú ẹ̀?" Ẹ ó rí i tí yóò fúnra rẹ̀ dín eré kù. Bó bá yá, ẹ ní kó máa sọ ohun tó ń rí sókè bó ṣe ń wakọ̀ lọ. Ìgbà tó bá dákẹ́ lórí ohun tí ẹ̀yin ti rí, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yà, ibi tí ẹ ń lọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ: "Ní oríta tó wà níwájú yẹn, a máa yà sápá òsì." Ẹ fi "Dúró!" pa mọ́ fún ìgbà tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́ gan-an, kẹ́ ẹ sì ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má já sítíárìn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ṣe àṣìṣe, ẹ má bá a jiyàn lórí ìrìn. Ẹ jẹ́ kó wá ibi tó dáa páàkì sí, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé ó ṣẹlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò bá ara rẹ̀ wí ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ bá a wí lọ.

Ti fóònù, ẹnu yín ò lè kọ́ ọ. Ó ti ń wo bẹ́ ẹ ṣe ń wakọ̀ láti kékeré. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí ń lọ bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì wo fóònù ti di ojú rin ju mítà 30 lọ. Bí ẹ̀yin bá ń gbé e nígbà tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀, òun náà á gbé e.

Nígbà tó bá gba láísẹ́ǹsì, ẹ má torí ìyẹn ju kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́ kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ohun méjì ló ń kó àwọn ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí wàhálà jù lójú títì: òru, àti àwọn ọ̀rẹ́ tó kún inú ọkọ̀. Fún oṣù díẹ̀, kó má gbé ọ̀rẹ́ kankan, kó sì wà nílé kílẹ̀ tó ṣú. Kẹ́ ẹ sì ṣèlérí fún un pé bó bá rẹ̀ ẹ́, tàbí tí ara rẹ̀ ò lélẹ̀, kó pè yín láti ibikíbi, ẹ ò ní bá a wí lóru ọjọ́ náà.

Ní ti bàbá rẹ̀, bí sùúrù tiẹ̀ bá ju tiyín lọ, kí ẹ jọ pín in ṣe. Bí àyà yín bá ṣì ń já, ẹ bẹ olùkọ́ kó jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bá ń kọ́ ọ. Ẹ ra dígí kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, kẹ́ ẹ lè máa rí ẹ̀yìn láìyíjú. Kẹ́ ẹ sì bi ilé iṣẹ́ adójútòfò yín bóyá ìwé yín gba ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ láàyè, kó tó tún fọwọ́ kan ọkọ̀ náà.