Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ǹjẹ́ Jack àti Rose Gbé Ayé Rí?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi obìnrin tún jókòó wo fíìmù Titanic lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní Jack àti Rose gbé ayé rí, àti pé ibojì Jack wà ní ilẹ̀ Kánádà títí dòní. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?
Òǹkàwé yín, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò yín ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. James Cameron, tó kọ ìtàn náà tó sì darí fíìmù tó jáde lọ́dún 1997, ló ro Jack Dawson àti Rose, olólùfẹ́ méjì inú fíìmù náà, jọ. Síbẹ̀, ní itẹ́ òkú Fairview Lawn nílùú Halifax ní Kánádà, òkúta ibojì kan wà tí wọ́n kọ “J. Dawson” sí lára. Joseph Dawson, ọmọ Dublin, tó ń kó èédú fún àwọn tó ń koná ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Titanic, ni wọ́n sin síbẹ̀. Lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òdòdó lọ síbẹ̀ nítorí Jack.

Ìjàǹbá náà kì í ṣe àròsọ rárá. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 1912, ọkọ̀ náà ṣí ní Southampton, ó ń lọ sí New York. Ní alẹ́ ọjọ́ 14, ó forí sọ òkè yìnyín, kò sì tó wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi rì. Èèyàn bí 2,200 ló wà nínú rẹ̀, àwọn bí 1,500 sì kú, nítorí pé ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là kò ju 20 lọ, èèyàn 1,178 péré ni gbogbo wọn lè gbà, púpọ̀ nínú wọn sì kúrò láìkún.

Ẹ rántí tọkọtaya àgbà inú fíìmù náà tó dì mọ́ra lórí ibùsùn bí omi ti ń wọlé. Isidor Straus, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé ìtajà Macy's, àti Ida, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n dúró fún. Isidor kọ̀ láti gba àyè ṣáájú àwọn obìnrin àti ọmọdé, Ida náà sì kọ̀ láti fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì jọ kú.

Ẹni tó dùn mí pé fíìmù náà kò mẹ́nu bà ni Joseph Laroche, èèyàn dúdú, ọmọ Haiti, tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ilẹ̀ Faransé ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó rí iṣẹ́ gidi ṣe níbẹ̀. Ó ń kó ìdílé rẹ̀ padà sílé. Ọkọ̀ mìíràn ló kọ́kọ́ sanwó fún, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé wọn kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ bá òbí wọn jókòó jẹun níbẹ̀, ó pààrọ̀ ìwé ìrìnnà wọn sí Titanic. Juliette, ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú oyún, àti ọmọbìnrin wọn méjèèjì ríbi wọ ọkọ̀ kékeré. Joseph kò padà wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Juliette bí ọmọkùnrin kan, ó sì sọ ọ́ ní Joseph.