Ìṣẹ̀lẹ̀ wo ló yí ìtàn àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ayé padà jù lọ?

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni kí n mú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Johannes Gutenberg, ará Jámánì kan, ṣe ni. Ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ dárúkọ ìṣubú ìlú Constantinople sọ́wọ́ àwọn ará Tọ́kì lọ́dún 1453, tàbí ìrìn àjò Columbus lọ́dún 1492. N kò jiyàn. Ti Columbus yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún òwò ẹrú tó gbé àwọn èèyàn wa dé Kúbà àti Bràsíl.

Àmọ́ ẹ wo Mainz, nílẹ̀ Jámánì. Kó tó di nǹkan bí ọdún 1450, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ níbẹ̀, ẹ̀dà Bíbélì kan sì lè gba akọ̀wé lódindi ọdún. Gutenberg wá ń yọ́ òjé pọ̀ mọ́ irin mìíràn, ó fi ń rọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó ṣeé tò, tó ṣeé tú, tó sì ṣeé tún tò. Ní nǹkan bí ọdún 1455, ó ti tẹ Bíbélì bíi 180.

Kó tó di pé ẹ̀rọ yìí dé, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Jan Hus ti bá ìjọ Páàdì wọ̀yá ìjà ní Prague. Wọ́n dáná sun ún lọ́dún 1415. Àmọ́ nígbà tí Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì, gbé kókó 95 tó fi ta ko àṣà ìjọ náà jáde lọ́dún 1517, kò pẹ́ rárá tí àwọn atẹ̀wé fi tẹ̀ ẹ́ káàkiri Jámánì. Ta ló tún lè kó ìwé tó ti tàn kálẹ̀ báyẹn padà? (Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ náà ni Henry Townsend fi tẹ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1859.)

Ọ̀tẹ̀ ilẹ̀ Faransé ọdún 1789 ni màá fi ṣe ìkejì, ṣùgbọ́n àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń tẹ̀ ní Paris wà lára ohun tó koná mọ́ òun náà.