Ìbéèrè Lórí Ọgbà: Ewé Tó Ń Kó Iyọ̀ Jáde

ÌBÉÈRÈ: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Apá kan wà nínú ilẹ̀ mi tí iyọ̀ ń yọ sókè lójú rẹ̀. Tí oòrùn bá ti ràn díẹ̀ lẹ́yìn òjò, ibẹ̀ á funfun bí ẹni ku eérú sí i. Òdòdó kú síbẹ̀, ewébẹ̀ kú síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ọ̀hún kì í gbẹ. Ẹnì kan wá fún mi ní igi kúkúrú kan, Atriplex ló pè é. Ó ti ń lọ sí ọdún kejì báyìí, ó sì ń yọ ẹ̀ka dáadáa, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú funfun ti bo ewé rẹ̀. Mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, kò pẹ́ tó tún padà. Àrùn wo nìyẹn? Kí ló sì dé tí iyọ̀ tó pa àwọn yòókù kò fi pa á?"

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé kànìnkànìn yẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Àìsàn kankan ò ṣe igi yín. Iyọ̀ lẹ ń fọ̀ dànù, igi náà fúnra rẹ̀ ló sì kó o jáde sójú ewé.

Tí ẹ bá rí awò tó ń sọ nǹkan wẹ́wẹ́ di ńlá, ẹ já ewé kan ní ṣóńṣó ẹ̀ka, níbi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé, kí ẹ wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ohun tí ojú lásán ń rí bíi lẹ́búlẹ́bú, àpò róbótó-róbótó ni. Ó mọ́ gaara bí ìrì òwúrọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sórí ọ̀pá tín-ínrín, wọ́n sì fún mọ́ra débi pé ẹ ò ní rí awọ ewé gan-an. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹyin kòkòrò ni mo pè é. Díẹ̀ ló kù kí n lọ gbé oògùn kòkòrò. Ahọ́n ló là mí lọ́yẹ̀: mo fi ewé náà kan ahọ́n, iyọ̀ pọ́nńbélé!

Iyọ̀ tó bá omi gòkè wá láti inú ilẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kúrò láàárín ewé. Ọ̀pá tín-ínrín yẹn á tì í sínú àpò, àpò á máa kún, á máa wú bí ìléròrò. Tó bá gbó, á bẹ́, omi inú rẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù sójú ewé. Òjò á fọ̀ ọ́ tàbí kí atẹ́gùn gbọ̀n ọ́n dànù. Kó tó lọ, ó tún ń ṣe igi náà lóore kan: ó ń dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà kí ewé má baà gbóná jù. Òun lẹ wá ń fi ọṣẹ bó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí àwọn tó kú. Ẹ ti rí ìgbín tí wọ́n bu iyọ̀ lé lórí rí. Kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó gé e. Iyọ̀ ló fa omi ara rẹ̀ jáde. Omi a máa kúrò níbi tí iyọ̀ ò ti pọ̀ lọ síbi tó ti pọ̀. Nígbà tí iyọ̀ inú ilẹ̀ bá ju ti inú gbòǹgbò lọ, ilẹ̀ á di omi rẹ̀ mú, gbòǹgbò á wà nínú ẹrẹ̀ kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ilẹ̀ tútù tí ewébẹ̀ sì ń rọ. Èyí tí òùngbẹ ò bá pa, sódíọ̀mù inú iyọ̀ á yọ́ wọlé sí i lára, á gba ipò pòtásíọ̀mù, èròjà tí ewé fi ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ inú ewé á dojú rú. Ẹ ó máa rí etí ewé tó ń jó, àwọn ewé ìsàlẹ̀ tó ti pẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ kàn.

Ohun tí Atriplex ṣe yàtọ̀. Iyọ̀ tó yẹ kó pa á gan-an ló fi ń fa omi. Ó ń gba iyọ̀ wọlé títí inú rẹ̀ á fi níyọ̀ ju ilẹ̀ lọ, omi á sì tẹ̀ lé e wọlé. Olè tó fẹ́ fọ́lé ló sọ di ọlọ́dẹ.

Ẹ má rò pé ara rẹ̀ ti mọ́ iyọ̀ nìyẹn o. Ní 1972, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ énsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá, lára Atriplex, wọ́n dán an wò nínú omi iyọ̀ pẹ̀lú ti ẹ̀wà. Bí iyọ̀ ṣe ń da ti ẹ̀wà láàmú náà ló ń da tirẹ̀ láàmú. Ibi tó ń kó iyọ̀ sí ni àṣírí wà. Àpò omi ńlá kan, tó yàtọ̀ sí ti ojú ewé, wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn yàrá wẹ́wẹ́ tí ewé fi kọ́ ara rẹ̀, ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú àyè ibẹ̀. Inú rẹ̀ ni igi náà ń ti sódíọ̀mù mọ́. Ẹ̀gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó kù, níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ, kò gbọdọ̀ rí iyọ̀. Àmọ́ tí àpò bá níyọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ ò ní, àpò á fa omi ẹ̀gbẹ́ gbẹ. Ni igi náà bá ń ṣe ohun mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ kí méjèèjì lè dọ́gba, ohun tí kò ní pa énsáìmù lára. Glycine betaine ni èyí tí Atriplex ń ṣe jù. Náítírójìn wà nínú rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣe. Igi tó ń náwó báyìí lórí iyọ̀ nìkan, ẹ ò gbọdọ̀ retí pé kó yára ga bí èyí tó wà nílẹ̀ tó dára.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbé e gba ọ̀nà kan náà. Rhizophora, ọ̀kan nínú àwọn igi máńgúrófù etí òkun, ẹnu ọ̀nà ló ti ń jà: gbòǹgbò rẹ̀ ń dá èyí tó ju ìdá 90 nínú 100 iyọ̀ padà. Avicennia tó ń bá a gbé náà ń dá púpọ̀ padà, ó sì ń la èyí tó wọlé gba ojú ewé jáde. Suaeda, ọ̀kan mìíràn tó ń hù nílẹ̀ oníyọ̀, ò ní àpò lára ewé, ewé rẹ̀ ló máa ń sanra fún omi kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè ṣàn. Èyí tó bá ti kún jù, á já a sílẹ̀. Ẹ má sì gbé gbogbo oyè fún àpò ojú ewé. Quinoa, oníhóró tí wọ́n ń jẹ, tó jẹ́ ìbátan Atriplex, ní irú àpò bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n rí tí kò ní àpò lára ṣì ń fara da iyọ̀. Lára tirẹ̀, ó jọ pé kòkòrò ni àpò ń lé.

Ẹ ò bi mí nípa irúgbìn, mo kàn fẹ́ kí ẹ má ṣe bíi tèmi ni. Mo rò pé bí àgbà igi bá lè mu omi iyọ̀, ọmọ rẹ̀ náà á lè mu ún. Mo gbin irúgbìn Atriplex sínú àwo pẹrẹsẹ, mo ń fi omi iyọ̀ wọ́n ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ohun tó hù. Mo ti fẹ́ dà á nù kí n tó gbìyànjú omi tó mọ́: mo fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún wọn gbìn. Láàárín ọjọ́ márùn-ún wọ́n ti ń yọjú. Wọn ò kú, òjò ni wọ́n ń dúró dè. Nínú ilẹ̀ oníyọ̀, ìgbà tí òjò bá fọ iyọ̀ wálẹ̀ nìkan ni ọmọ igi lè rí àyè fi gbòǹgbò múlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: "Ṣé mo lè máa fi omi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ bomi rin tòmátì mi kó lè mọ́ ọn lára?"

ÌDÁHÙN: Rárá. Ohun tí wọ́n ń pè ní igi oníyọ̀ ni èyí tó lè gbó kó sì so nínú omi tó ní bíi gíráàmù 12 iyọ̀ nínú lítà kan. Omi òkun ní bíi 35. Nínú gbogbo irú igi àti koríko ayé, ìdá 1 nínú 100 ni wọ́n, kò sì sí tòmátì tó ń bẹ lóko yín nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: "Tí mo bá gbin Atriplex púpọ̀, ṣé á fa iyọ̀ tán nínú ilẹ̀?"

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní omi tí ẹ fi ń bomi rin oko ní ààbọ̀ gíráàmù iyọ̀ péré nínú lítà kan, tí hẹ́kítà kan sì mu mílíọ̀nù lítà 10 lásìkò kan. Tọ́ọ̀nù iyọ̀ 5 lẹ bù wọlé yẹn. Ká ní ẹ gé tọ́ọ̀nù 5 ewé gbígbẹ kúrò, tí ìdá 20 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ iyọ̀: tọ́ọ̀nù 1 lẹ kó jáde. Ẹ ò tíì dé ìdajì. Omi tó mọ́ tó ń fọ ilẹ̀ wálẹ̀, àti kòtò tó ń gbé omi náà lọ, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Igi á máa bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kí oòrùn má baà fa iyọ̀ sókè, ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ewé tó bá já, ẹ máa gbá a kúrò lábẹ́ rẹ̀, torí tó bá jẹrà síbẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ tún padà sílẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá ní àgùntàn, wọ́n á jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ má fi òun nìkan bọ́ wọn, kí omi tó mọ́ sì wà nítòsí, torí wọ́n á mu ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa.