Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Ogun Yíwọ́ fún Jámánì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Èmi àti àbúrò mi ń jiyàn lórí Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ní ọjọ́ tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Normandy ní ilẹ̀ Faransé, 6 Òkúdu 1944, ni ogun yíwọ́ fún Jámánì. Mo ní ó ti yíwọ́ tipẹ́. Ta ló jàre? Japan náà ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹ má fi àbúrò yín ṣẹ̀sín. Ohun tó sọ yẹn lèmi náà fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí n tó jókòó ti máàpù.

Ní tèmi, 19 Bélú 1942 ni, ní ìlú Stalingrad létí odò Volga, ní Soviet (Rọ́ṣíà ìgbà yẹn). Jámánì ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà nígbà yẹn, wọ́n ń jà á láti yàrá dé yàrá. Àwọn akọni wọn ló wà nígboro. Ọmọ ogun Romania, tó ń gbè sẹ́yìn Jámánì, tí ìbọn tó ń fọ́ táǹkì kò tó lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n fi ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni Soviet kọlù. Ní 23 Bélú, apá àríwá àti apá gúúsù wọn pàdé nítòsí Kalach, àwọn tó lé ní 250,000 sì há sáàárín. Táǹkì Jámánì tó yẹ kó gba Romania sílẹ̀ ńkọ́? Epo ò tó, wọ́n ti fi koríko gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀, eku sì ti jẹ wáyà inú ọ̀pọ̀ wọn. Eku o!

Göring, olórí ọmọ ogun òfurufú Jámánì, ṣèlérí pé bàálù yóò máa já oúnjẹ fún wọn. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni. Ó kéré tán, 300 tọ́ọ̀nù ni wọ́n nílò lójúmọ́. Nǹkan bí 100 ló ń dé. Wọ́n pa ẹṣin wọn jẹ tán. Ní 30 Ṣẹ́rẹ́ 1943, Hitler fi Paulus, olórí àwọn ọmọ ogun tó há yẹn, joyè ọ̀gágun tó ga jù, torí irú ọ̀gágun bẹ́ẹ̀ kan kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá láàyè rí ní Jámánì. Oyè ikú ni, Paulus sì mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó juwọ́ sílẹ̀.

Ti Japan yá ju ìyẹn lọ. Amẹ́ríkà ti ń ka ọ̀rọ̀ àṣírí wọn, wọ́n sì lúgọ dè wọ́n ní Midway, erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì. Ní 4 Òkúdu 1942, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin tí bàálù wọn ń gbéra lórí rẹ̀ ti ń jó. Ìkẹrin tẹ̀ lé e.

Normandy mú kí òpin yá, ẹ fún àbúrò yín ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè: kí ló dé tí rédíò Jámánì fúnra rẹ̀ fi ń kọ orin ọ̀fọ̀ ní 3 Èrèlé 1943?